Ó Sú Mi, Kì Í Ṣe Ó Rẹ̀ Mí

Ilá ni mo ń rẹ́ lọ́wọ́. Wẹ́wẹ́ ni mo máa ń rẹ́ ẹ báyìí, ju bí ìyá wa ṣe kọ́ wa lọ, nítorí ọbẹ̀ ilá tó fà dáadáa wà lára ìwọ̀nba oúnjẹ tí ọ̀fun ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń gbà láìbá a jà. Iyọ̀ díẹ̀, irú díẹ̀, kò sí ata. Ẹ̀gbọ́n mi wà lórí àga onítáyà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná mi ní Lanham, ní ìpínlẹ̀ Maryland l'Amẹ́ríkà, níbi tó ti lè máa wo ọwọ́ mi, torí láti kékeré ni kò ti gbà pé mo mọ ọ̀bẹ dì mú.

“Pe ọmọ mi,” ó ní. “Sọ fún un pé mo ti gbà.”

Ká ní ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀, àwọn ìró tó wúwo, tó lẹ̀ mọ́ra wọn bí ẹ̀kọ tí kò jinná, ló máa gbọ́. Àìsàn tó ń pa iṣan ara ló ń ṣe ẹ̀gbọ́n mi. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ mú, ó bọ́ sí ọwọ́ òsì, ó wá dé ahọ́n. Àwọn dókítà kò fi bò fún wa: kò ní oògùn tó ń wò ó, ọ̀fun ló kàn, lẹ́yìn ọ̀fun, èémí. Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ sọnù lẹ́nu rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni, ọsibítù ló ti ṣiṣẹ́ títí ẹsẹ̀ fi kọ̀ fún un, Gẹ̀ẹ́sì ló sì máa ń fi bá àwọn dókítà fa ọ̀rọ̀ lórí fóònù títí wọ́n á fi bẹ̀ ẹ́. Yorùbá nìkan ló kù tó ń jáde, èmi nìkan ni mo sì ń gbọ́ ọ. A jọ sùn lórí ẹní kan náà títí ó fi lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Mo ti mọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lójú oorun.

“Ẹ ti gba kí ni?”

“Kí n lọ máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Pè é kí n tó yí ọkàn padà.”

Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ọkùnrin, ń gbé ní Washington, nítòsí títì tó pààlà láàárín wọn àti àwa ará Maryland. Láti ìgbà tí àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀ ló ti ń bẹ ìyá rẹ̀ pé kó kó wá sọ́dọ̀ òun. Ẹ̀gbọ́n mi kì í gbà. Ọ̀dọ̀ mi ló kó wá, ó sì ní òun ò ní kúrò. Ó ní ilé àwọn ọmọ ìsinsìnyí máa ń tutù bí yàrá yìnyín tí wọ́n ń kó ẹran pamọ́ sí.

Mo pè é, mo sọ fún un.

“Mọ́mì Lanham, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ.” Bẹ́ẹ̀ ló ti ń pè mí láti kékeré, kí wọ́n má bàa ṣì mí pè mọ́ ìyá rẹ̀ gan-an.

Mo tún un sọ. Mo gbọ́ tó pariwo níbi iṣẹ́, tí ẹnì kan ń bi í pé kí ló dé. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n mú àbájáde ìdánwò fún.

“Ẹ sọ fún Mọ́mì pé mo máa ra bẹ́ẹ̀dì tuntun. Èyí tó máa ń gbé orí sókè. Ẹ sọ fún wọn pé kò sí àtẹ̀gùn kankan nílé mi.”

“Wọ́n ti gbọ́ ọ.”

Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ilá mi ti ń dúdú.

Ọjọ́ tí mo ń di irun rẹ̀ ni mo tó bi í ní ìdí ọ̀rọ̀. Ọrùn rẹ̀ kò lágbára mọ́, nítorí náà mo dúró lẹ́yìn àga, mo fi ikùn ti orí rẹ̀, mo sì ń dì í láti iwájú wá sẹ́yìn.

“Kí ló yí ọkàn yín padà?”

“Títì.”

“Títì wo?”

“Èyí tó pààlà. Ohun tí òfin ò gbà nílẹ̀ yìí, wọ́n gbà á lódìkejì.”

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ló ń sọ. Mo ní, “Ṣé àwọn nọ́ọ̀sì tiwọn ló máa ń wá sílé jù ni?”

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ ti di ikọ́. Mo di orí rẹ̀ mú títí ó fi lọ sílẹ̀.

“Ìwọ ọmọ yìí. Jẹ́jẹ́ lẹsẹ̀ rẹ, jẹ́jẹ́ lọpọlọ rẹ náà.”

Ó wá sọ ọ́ fún mi, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìsinmi láàárín ọ̀rọ̀. Ní Washington, ẹni tí àìsàn tí kò gbóògùn bá ń ṣe, tí dókítà méjì bá jẹ́rìí sí i pé ọjọ́ rẹ̀ kò pọ̀ mọ́, lè béèrè oògùn tí yóò fi parí ayé ara rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ará ìlú náà. Ọpọlọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé. Òun fúnra rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ mu ún, ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ bá a ṣe é. Ní Maryland tiwa, wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ náà nílé aṣòfin tipẹ́, wọn kò tíì gbà á.

“Ọwọ́ ọ̀tún mi ṣì ń gbé ife,” ó ní. “Ọ̀fun mi ṣì ń gbé ilá mì. Bí méjèèjì bá lọ, ilẹ̀kùn yẹn ti tì nìyẹn. Ṣé o rí i?”

Ọwọ́ mi kò dúró, ó ń dirun lọ fúnra rẹ̀.

“O ti dì í wọ́,” ó ní.

Láti ọjọ́ náà ara mi kò balẹ̀ mọ́. Mo ń jókòó, mo ń dìde. Ilé ìdáná ilé-ìwé kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, a máa ń se oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọmọdé, obìnrin kan láti ìjọ wa ló sì máa ń jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi kí n tó dé. Níbi iṣẹ́, mo nu tábìlì kan náà títí ọ̀gá mi fi bi mí bóyá mo fẹ́ kó lu. Nínú mọ́tò, mo kọjá ibi tó yẹ kí n ti yà kúrò lójú ọ̀nà ńlá, mo sì tún kọjá rẹ̀ nígbà tí mo padà.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé n kò rí orúkọ tí mo lè pe ohun tó fẹ́ ṣe. Ní àdúgbò tí wọ́n bí wa sí, bí wọ́n bá fẹ́ mú ìyàwó láti ilé kan, wọ́n a kọ́kọ́ wádìí: ṣé wèrè kò sí níbẹ̀, ṣé ẹni tó pokùn so kò sí níbẹ̀. A kì í dárúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Mo ronú kan ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè ní àfọwọ́fà, àmọ́ èébú wà nínú ìyẹn. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ fa nǹkan lé ara rẹ̀ lórí ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ti wá orúkọ tó rọ̀ lẹ́tí sí i, bí ìgbà tí wọ́n bá fi òwú wé abẹ́rẹ́. Ní tiwa, mo wá ọ̀rọ̀ tí mo lè sọ fún àwọn ará ilé lórí fóònù tí wọn kò ní pariwo. N kò rí i.

Lọ́jọ́ kan, nígbà tí mo jáde níbi iṣẹ́, mo wakọ̀ lọ sí títì ààlà náà. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ tiwa. Ike ìdalẹ̀nù wà níwájú ilé lọ́tùn-ún, ike ìdalẹ̀nù wà níwájú ilé lósì. Irú igi kan náà ló ń já ewé sílẹ̀ níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Ọ̀kẹ́rẹ́ kan sáré gba àárín títì kọjá, ó dé odìkejì, ó tún padà wá, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan. Mo jókòó sínú mọ́tò títí ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn mi fi fọn fèrè.

Mo délé, mo bi ẹ̀gbọ́n mi láìtíì bọ́ bàtà. “Ṣé ara ń ro yín tó bẹ́ẹ̀ ni?”

“Ìrora kọ́. Oògùn wà fún ìrora. Èmi náà ti fún ọ̀pọ̀ èèyàn.”

“Kí ló wá dé?”

Ó ní kí n fún òun lómi. Mo pò ó mọ́ ìyẹ̀fun tí wọ́n ní kí a máa fi mú un ki kó má bàa pá a lórí, mo sì jókòó.

“Àwọn tó bá mi sọ ọ́ nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́,” ó ní, “gbogbo yín lẹ rò pé wọ́n ń joró. Bàbá kan wà, awakọ̀ akẹ́rù. Kò sí ibi tó ń dùn ún. Ó ní òun ti wakọ̀ já gbogbo ilẹ̀ yìí, òun ò lè fara mọ́ kí wọ́n máa ti òun kiri. Obìnrin kan sọ fún mi pé ọkọ òun ti di nọ́ọ̀sì òun, òun sì fẹ́ kú nígbà tó ṣì jẹ́ ọkọ.” Ó sinmi. “Ẹnì kan wà tí kò tiẹ̀ fẹ́ kú rárá. Ó kàn ń béèrè bóyá ọ̀nà wà. Ó béèrè, ó béèrè. Nígbà tí dókítà wá bá a sọ̀rọ̀ bí èèyàn bí èèyàn, kò béèrè mọ́.”

“Ẹ̀yin ńkọ́?”

“Mo ti jókòó ti ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ dí. Mo mọ bó ṣe ń rí. Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi jókòó tì mí bẹ́ẹ̀.”

Ìdí kan nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì ó sọ òmíràn, nígbà tí mo ń wẹ̀ ẹ́, láìjẹ́ pé mo bi í. “Bí ìwọ bá ṣubú lónìí, ta ló máa gbọ́ ohun tí mo ń sọ?” Mo da omi sí i lẹ́yìn. Mo kàn rò ó lọ́kàn mi pé tó bá kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, kò ní dúró dìgbà tí mo bá ṣubú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó wọnú igbó.

Mo gbìyànjú láti lóye. Mo ní, “Àbí ohun tí àwọn àgbà ń wí ni, pé ikú yá ju ẹ̀sín?”

Ó bínú. “Má pa òwe fún mi. Ta ló fi mí ṣe ẹ̀sín? Ìwọ ń wẹ̀ mí, ìwọ ń nùdí fún mi, ṣé o ti fi mí ṣẹ̀sín rí? Àwọn ọba àti jagunjagun ló ni òwe yẹn. Èmi ò sá fógun. Ó sú mi ni.”

“Ọlọ́run ló ni ẹ̀mí, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Mo mọ̀. Mo ti bá A sọ ọ́. Òun ò nílò ògbufọ̀.”

“Ẹ bá ọmọ yín náà sọ ọ́ nígbà náà.”

“Pẹ̀lú ẹnu wo?” Ó fi ojú ọ̀tún wò mí, èyí tí kì í yẹ̀ lára èèyàn. “Ìwọ lo máa sọ ọ́. Mi ò ní wọ ilé ọmọ mi bí olè. Kó tó gbé mi, kó mọ ohun tó ń gbé. Bó bá ní rárá, mo máa jókòó síbí.”

Nǹkan tó kù sí mi lọ́wọ́ nìyẹn. Kò ní lọ bí ọmọ náà kò bá mọ̀, ọmọ náà kò sì lè mọ̀ àfi kí n sọ ọ́. Bí mo bá sì ń falẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á dáhùn fún mi.

Ọmọ náà wá lọ́jọ́ Sátidé láti fi tépù wọn àga ìyá rẹ̀, kó lè mọ bí ọ̀nà yàrá rẹ̀ ṣe máa fẹ̀ tó. Ayọ̀ rẹ̀ kún ilé. Ó fi àtẹ̀gùn mi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní bí èèyàn bá gùn ún lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, kó gba àmì ẹ̀yẹ. Yorùbá rẹ̀ kò burú, àmọ́ ohùn rẹ̀ a máa gòkè níbi tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀ pẹ̀lú tépù lọ́wọ́.

“Mọ́mì, kí ló dé tó fi jẹ́ ìsinsìnyí? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bẹ̀ yín.”

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, ó wo ọmọ rẹ̀. Ó sọ ọ́ bó ṣe lè là tó.

“Ó sú mi.”

Ọmọ náà yíjú sí mi. “Kí ni Mọ́mì sọ?”

Mo la ẹnu, mo wá Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kiri, ọ̀kan ṣoṣo ló sì wá. “She's tired,” mo ní.

“Ó yẹ kó rẹ̀ wọ́n, mo mọ̀,” ọmọ náà ní, ó fọwọ́ pa ìyá rẹ̀ lórúnkún. “Ẹ máa sinmi dáadáa lọ́dọ̀ mi.”

Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ ọ̀tún lu apá àga. “Ṣé ó rẹ̀ mí ni mo sọ?”

“Kí ni wọ́n ní?”

“Wọ́n ní n kò túmọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn dáadáa.”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin àti Mọ́mì! Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀.” Ó dìde, ó lọ wọn ẹnu ọ̀nà mi, kó lè fi wé tirẹ̀.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà lọ, mo ti rò ó bọ̀. Nínú Gẹ̀ẹ́sì tí mo kọ́ ní ilé-ìwé girama, àpò kan náà ni wọ́n kó méjèèjì sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó rẹ̀, bó bá sùn, ó tán. Ẹni tí nǹkan sú, bó sùn di ọ̀sán, nǹkan náà ló máa bá lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì nígbà tó bá jí. Oúnjẹ a máa súni, iṣẹ́ a máa súni, a sì ń sọ ọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà bá sọ ọ́ láìfi nǹkan kan kún un, pé ó sú òun, ẹni tó gbọ́ a fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀. Ọmọ yìí gbọ́ ọ, ó ń wọn ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀gbọ́n mi kò gbà. Ó fi ojú pe ẹ̀rọ kan tí ọmọ náà rà fún un, èyí tí èèyàn máa ń tẹ ojú mọ́ lẹ́tà lára rẹ̀, tí á sì sọ̀rọ̀ jáde. Kò fẹ́ràn rẹ̀. Ohùn obìnrin òyìnbó ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, obìnrin náà sì máa ń pe ẹ̀kọ bí orúkọ ọmọkùnrin ará Amẹ́ríkà. Mo gbé e síwájú rẹ̀. Ó fojú mú lẹ́tà ọ̀rọ̀ náà ní ìkọ̀ọ̀kan, láìsí àmì, torí ẹ̀rọ náà kò ní àmì ohùn. Ọmọ rẹ̀ dúró ń wò ó. Ẹ̀rọ náà wá ké tantan:

“Oh, sue me!”

Bí ẹni ń sọ pé ẹ lọ pe òun lẹ́jọ́, òun ò bìkítà. Ọmọ náà rín in títí ó fi jókòó sílẹ̀. “Mọ́mì, ta ló fẹ́ pè yín lẹ́jọ́?” Ẹ̀rín gbé ìyá náà, ikọ́ tẹ̀lé e, èmi náà rẹ́rìn-ín tí omi jáde lójú mi. Nígbà tí a dákẹ́, ẹ̀gbọ́n mi di ojú rẹ̀.

“Gbé e kúrò,” ó sọ fún mi. “Ọmọ mi ò ní gbọ́ èyí tó kù lẹ́nu obìnrin inú páálí yẹn.”

Ọmọ náà ti kó tépù rẹ̀, ó ti ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìsìn, ó wá gbé wa lọ wo yàrá náà. Bí a ti kọjá títì ààlà, ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí fèrèsé. N kò lè jókòó jẹ́ẹ́. Mo ń tú bẹ́líìtì, mo ń dè é. Ọmọ náà ń sọ̀rọ̀ nípa pákó tó fi ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí àga máa gbà gòkè sí ẹnu ọ̀nà ilé. Òun fúnra rẹ̀ ló kàn án, ó sì ti kùn ún.

Yàrá náà mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì náà wà níbẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì, orí bẹ́ẹ̀dì gbéra sókè, ó tẹ̀ ẹ́, ó lọ sílẹ̀. Ó ti gbé fọ́tò bàbá rẹ̀ olóògbé kọ́ sí ibi tí ojú ìyá rẹ̀ ti máa tó o. Ó bu omi tó ki sínú ife, ó gbé e sórí tábìlì níwájú ẹ̀gbọ́n mi, bó ṣe rí mi tí mo ń ṣe.

“Mọ́mì máa pẹ́ níbí,” ó ní.

Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ ọ̀tún sí ife náà. Ó dì í mú, ó gbé e kúrò lórí tábìlì, ọwọ́ náà wá bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. N kò tíì rí i kó gbọ̀n bẹ́ẹ̀ rí. Omi dà sí i láyà àti sórí tábìlì. Kò wo omi náà. Èmi ló ń wò.

Mo ní kí ọmọ náà tẹ̀lé mi síta. A dúró níbi pákó tó kùn.

“Ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ sọ lọ́jọ́ Sátidé yẹn,” mo ní, “n kò túmọ̀ rẹ̀ tán.”

“Èwo? Pé ó rẹ̀ wọ́n?”

“Kò rẹ̀ wọ́n. Ó sú wọn.”

Ó ń wò mí. Mo là á yé e, ní Yorùbá, ní Gẹ̀ẹ́sì, ohun tó wà láàárín méjèèjì. Lẹ́yìn náà mo sọ nípa òfin, nípa títì, nípa ọwọ́ àti ọ̀fun. N kò fi òwe sí i. Mo sọ ọ́ bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe sọ ọ́, títí kan awakọ̀ akẹ́rù.

“Rárá,” ó ní. Ó rẹ́rìn-ín kékeré kan tí kì í ṣe ẹ̀rín. “Rárá. Ta ló sọ fún wọn nípa rẹ̀? Ṣé ẹ̀yin ni?”

“Nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ. Ta ló máa sọ fún un?”

“Ẹ̀yin lẹ wà pẹ̀lú wọn lójoojúmọ́, Mọ́mì Lanham! Kí lẹ̀ ń wò?”

Ó jókòó sórí pákó tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn, ó fi ẹ̀yìn kọ mí. Àwọn aládùúgbò ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kí i, kò gbọ́. Mo wọlé, mo jáde, mo tún wọlé. Mo nu àyà ẹ̀gbọ́n mi. “O ti sọ ọ́?” ó ní. Mo ní mo ti sọ ọ́. “Dáadáa?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí ọmọ náà wọlé, kò lọ sórí àga. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó sì sọ Yorùbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ.

“Mọ́mì, ṣé torí ìyẹn nìkan lẹ ṣe gbà láti wá?”

Omi kún ojú ẹ̀gbọ́n mi. Ó sọ̀rọ̀ pẹ́, ó ń sinmi, ó ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀tun. Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń bọ̀, n kò yọ, n kò fi kún un.

“Wọ́n ní kì í ṣe torí ìyẹn nìkan. Wọ́n ní ìyẹn wà níbẹ̀, àwọn ò ní purọ́ fún ọ. Wọ́n ní kọ́kọ́rọ́ ni àwọn fẹ́, àwọn ò tíì sọ pé àwọn fẹ́ jáde. Ó lè má jẹ́ pé àwọn máa lò ó láé. Wọ́n ní bó bá jẹ́ pé o kò lè gbà á, àwọn á padà sí Lanham, àwọn ò ní bínú. Wọ́n ní fèrèsé yìí dára. Wọ́n ní o kan pákó yẹn dáadáa, ṣùgbọ́n àwọ̀ tí o fi kùn ún burú.”

Ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé rárá. Ó fi apá aṣọ rẹ̀ nu omi tó dà sórí tábìlì, ó ń nù ún lẹ́yìn tó ti gbẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé orí rẹ̀ lé ẹ̀gbẹ́ àga, ó tún sọ nǹkan kan, kúkúrú.

Ọmọ náà fò dìde. “Èwo ni? Èwo ni wọ́n sọ?”

“Ó rẹ̀ wọ́n,” mo ní. “Rẹ̀. Oorun ni.”

A gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì tuntun náà, ọmọ náà lápá kan, èmi lápá kejì. Ó tẹ bọ́tìnnì, orí bẹ́ẹ̀dì gbéra díẹ̀díẹ̀ títí mo fi ní ó tó. Ẹ̀gbọ́n mi sùn kí a tó bò ó tán. A dúró síbẹ̀, à ń gbọ́ èémí rẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ kúrò. Mo ń wá báàgì mi, báàgì mi sì wà léjìká mi.

“Mọ́mì Lanham,” ọmọ náà ní, kò gbójú kúrò lára ìyá rẹ̀, “lọ́jọ́ tí ẹ kò bá sí níbí, tó jẹ́ èmi nìkan, báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tí wọ́n ń sọ?”